Àpótí Tí Ó Wà Lẹ́yìn Olórin: Bí A Ṣe Ń Dá Ẹ̀rọ Agbóhùnsókè Gìtá Mọ̀

Kò sí ọjọ́ Sátidé tí ó ń kọjá lórí àwa ọmọ Yorùbá tí a fi Àbújá ṣe ibùgbé láìjẹ́ pé a ní ìnáwó kan láti lọ. Bí kì í bá ṣe ìgbéyàwó ní Kubwa, a jẹ́ pé ìsìnkú àgbà ni ní Nyanya, tàbí ìṣílé ní Lugbe. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba àpapọ̀ ti kó kúrò ní Èkó wá sí ìhín ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò ilẹ̀ wa ti kó àríyá wọn tẹ̀lé iṣẹ́ wọn. Níbi tí àríyá Yorùbá bá sì gbé wà, ó ṣòro kí a má bá orin jùjú níbẹ̀, ì báà jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèré ni ó ń kọ ọ́, ì báà sì jẹ́ àwo àtijọ́ ni a gbé sórí ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tí ń ta gìtá nínú irú ẹgbẹ́ òṣèré bẹ́ẹ̀ máa ń bá ara wọn jiyàn lé lórí bí wọ́n bá ń dúró de oúnjẹ. Wọn a mú fóònù wọn jáde, wọn a máa wo àwòrán King Sunny Adé tàbí ti Olóyè Ebenezer Obey ní ìgbà tí ara wọn ṣì le koko. Wọ́n mọ orin náà lórí. Wọ́n mọ ibi tí ìka gbé ń tẹ okùn. Gìtá tí ó wà lọ́wọ́ wọn pàápàá jọ ti ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ta á, ohùn tí ó jáde kì í ṣe ohùn yẹn. Nígbà náà ni ọ̀kan nínú wọn yóò nawọ́ sí àpótí dúdú kan tí ó dúró lẹ́yìn ọ̀gá nínú àwòrán náà, yóò sì béèrè pé, "Kí ni orúkọ èyí?"

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Ìlù ní ikùn tí ohùn ń gbé inú rẹ̀ dún. Àgídìgbo ní àpótí tirẹ̀. Gìtá àtijọ́ náà, èyí tí kò lo iná, ní ikùn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú gìtá oníná jẹ́ pákó lásán tí a gbẹ́, tí a sì kùn ní ọ̀dà dáradára. Bí a kò bá so ó mọ́ ẹ̀rọ, àfi ẹni tí ó bá fẹ̀gbẹ́ ti olórin ni yóò gbọ́ ohun tí ó ń wí. Irin onímágínẹ́ẹ̀tì tí ó wà lábẹ́ okùn ni ó ń gbọ́ bí okùn ṣe ń gbọ̀n, tí ó ń sọ ọ́ di iná kékeré. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè, tí àwọn olórin ń pè ní àńpù, ni ó ń gba iná kékeré yìí, tí ó ń sọ ọ́ di ńlá, tí ó sì ń tì í jáde láti ẹnu sípíkà. Nítorí náà, àńpù ni ikùn gìtá oníná. Ẹni tí ó ra gìtá ọ̀gá, tí kò ra irú àńpù tí ọ̀gá ń lò, ìdajì ohun èlò ni ó rà.

Kò sì sí àńpù tí ó ń gbé ohùn jáde bí ó ti gbà á gan-an. Olúkúlùkù ni ó ní ohùn ọ̀fun tirẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ ń lo fáàfù, ìyẹn ohun tí ó dà bí gílóòbù kékeré tí ń gbóná tí ó sì ń pọ́n yòò ní inú. Bí a bá fi agbára tì í, ohùn rẹ̀ a máa ki, a máa há díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí akígbe ọjà bá ti kígbe láti àárọ̀. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn wọn ń lo tiransísítọ̀. Ohùn tiwọn a máa mọ́ gaara, a sì máa mọ́ bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, níbi tí yóò ti já lójijì, tí yóò sì di ariwo. Ẹni tí ó bá ní etí fún orin yóò mọ ìyàtọ̀ méjèèjì kí a tó ka ení dé èjì.

Ọdún 1949 àti ohun tí ó mú wá

Ó yẹ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àńpù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan. Òun ni ó yí orin jùjú padà kúrò ní orin inú pálọ̀ di orin ìta gbangba.

Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Túndé King ń kọ jùjú ní Èkó, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni ó ń wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré kan. Ọ̀kan a máa ta bánjò kékeré, ọ̀kan a máa mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọ̀kan a máa lu ìlù pẹlẹbẹ tí a ń pè ní jùjú. Inú pálọ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré fún àwọn ènìyàn pàtàkì, orin wọn a sì máa rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Kò sí gángan láàárín wọn. Ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà: bí onígángan bá fi kọ̀ǹgọ́ kan awọ lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn bánjò ti wọlẹ̀, ohùn akọrin náà yóò sì tẹ̀lé e.

Ní ọdún 1948 ni Akanbi Ege, tí àwọn mìíràn mọ̀ sí Akanbi Wright, mú gángan wọ inú jùjú. Ní ọdún kejì rẹ̀, 1949, ni Àyìndé Bakare, ẹni tí ó ti ń ṣe àwo fún ilé-iṣẹ́ HMV láti 1937, lẹ máìkì kékeré mọ́ ara gìtá onípákó, tí ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ọ̀mọ̀wé Christopher Waterman, ará Amẹ́ríkà tí ó gbé láàárín àwọn olórin wa, tí ìwé rẹ̀ lórí jùjú sì jáde ní 1990, ṣe àlàyé ohun tí ó tẹ̀yìn èyí yọ dáradára. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wo ọ̀rọ̀ náà yóò rò pé ẹ̀rọ òyìnbó yóò sọ jùjú di orin òyìnbó. Òdì kejì rẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí gìtá àti ohùn ènìyàn ti rí ẹni bá wọn pariwo, àyè ṣí sílẹ̀ fún ìlù. Gángan kan di méjì, méjì di mẹ́ta. Àkúbà wọlé, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ńlá wọlé, agbè wọlé. Àwọn ọmọ Àyàn tí kò sí nínú pálọ̀ Túndé King wá di ọ̀gá lórí ìtàgé. Bí kò bá sí àńpù, èmi kò rí ọ̀nà tí a ó fi gbọ́ gìtá márùn-ún àti onírúurú ìlù pọ̀ lójú agbo kan náà, tí ọ̀kan kò ní gbé èkejì mì.

Àyìndé Bakare kú ní ọdún 1972. I. K. Dáíró, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963, kú ní 1996. Páálí àwo wọn sọ orúkọ orin, ó sọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèré, ó sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tí ó tẹ̀ ẹ́. Irú àńpù tí ó wà lẹ́yìn wọn kò sí níbẹ̀.

Ẹni tí a mọ àpótí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan

Kí a lè mọ bí iṣẹ́ ìdánimọ̀ yìí ṣe ń lọ, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ibi tí wọ́n ti ṣe é délẹ̀. Jimi Hendrix ni olóhùn gìtá tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú àwọn tí ń kọ orin rọ́ọ̀kì. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, a bí i ní Seattle ní 1942, ó sì kú ní London ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, kí ó tó pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Láàárín ọdún mẹ́rin péré tí ó fi lókìkí, kò sí àpótí tí ó gbé sórí ìtàgé tí àwọn ènìyàn kò ti yẹ̀ wò láti orí dé ìdí.

Àńpù Marshall ni a mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Jim Marshall tí ó ni ilé-iṣẹ́ yìí kì í ṣe oníṣẹ́ iná. Onílù ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìlù lílù kí ó tó ṣí ilé ìtajà sí Hanwell ní ìwọ̀-oòrùn London. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń ráhùn pé àńpù tí ó ń ti Amẹ́ríkà wá wọ́n. Nítorí náà, ní 1962, ó ní kí àwọn ọmọkùnrin tí ó gbà síṣẹ́ tú àńpù Fender Bassman, kí wọ́n wo inú rẹ̀, kí wọ́n sì ṣe irú rẹ̀. Wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n fáàfù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀, sípíkà yàtọ̀, àpótí náà sì yàtọ̀, nítorí náà ohùn tí ó jáde kì í ṣe ti Bassman mọ́. Ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tuntun fi ń jáde nílé aláwòkọ. Ní nǹkan bí 1965, Pete Townshend ti ẹgbẹ́ The Who wá béèrè fún èyí tí yóò tún pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ṣe oníwáàtì 100 fún un, wọ́n sì kó sípíkà mẹ́jọ sínú àpótí kan ṣoṣo. Àwọn tí ń ru ẹrù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ lẹ́yìn. Ni wọ́n bá gé àpótí náà sí méjì, wọ́n to ọ̀kan lé èkejì lórí, wọ́n sì gbé orí àńpù ka òkè. Òkìtì gíga tí à ń rí lẹ́yìn àwọn olórin rọ́ọ̀kì títí di òní, ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀: nítorí ọrùn àwọn alábàárù.

Mitch Mitchell tí ń lu ìlù fún Hendrix ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìtajà Marshall. Òun ni ó mú Hendrix lọ síbẹ̀ ní 1966. Ó sì tún jọ bí àmúwá Ọlọ́run, nítorí James Marshall Hendrix ni orúkọ olórin náà ní kíkún.

Bí a kò bá mọ̀ ju èyí lọ, a ó sọ pé, "Marshall ni Hendrix ń lò," a ó sì lọ sílé. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní rí i pé ó ní àkókò tí ó bá ilé-iṣẹ́ Sunn ti Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn, tí ó sì ń lo tiwọn. Wọ́n rí Sound City lẹ́yìn rẹ̀ nínú àwọn àwòrán ọdún 1968. Wọ́n sì rí i pé ó ti padà sórí Marshall nígbà tí ó ta gìtá ní Woodstock ní àárọ̀ ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1969. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n? Wọ́n to àwòrán ní ọjọ́ ní ọjọ́. Wọ́n lọ wo ìwé ọjà ní ilé ìtajà Manny's ní New York tí ó ti ń ra nǹkan. Wọ́n sì bi àwọn tí ń ru ẹrù léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Gìtá tí ó ta ní Woodstock ni a tà ní gbàǹjo Sotheby's ní London ní 1990 ní £198,000. Owó tí ó tó bẹ́ẹ̀ a máa mú kí ènìyàn fẹ́ mọ òtítọ́.

Ohun tí ojú ń wá

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá àńpù mọ̀ nínú àwòrán kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ wá orúkọ. Orúkọ ni ohun tí ó rọrùn jù láti yí padà. Ìṣó kékeré méjì ni ó dì í mú. Aṣọ tí a ta sí iwájú sípíkà ni kí ó kọ́kọ́ wò. Aṣọ àńpù Vox ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlà tí ó rékọjá ara wọn bí ojú àwọ̀n ẹja, a kì í sì í ṣì í mọ̀ bí ó tilẹ̀ wù kí àwòrán ṣú tó. Ti Fender láàárín àwọn ọdún 1960 a máa dán bí fàdákà. Marshall lo oríṣiríṣi: ó ní èyí tí ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ó ní èyí tí a hun bí agbọ̀n, ó sì ní èyí tí ó rí bí pátákó táyò òyìnbó.

Lẹ́yìn aṣọ ni irin tàbí ike tí a to àwọn kókó yíyí sí. Nínú èyí ni ọjọ́ orí àńpù gbé wà. Marshall tí a ṣe kí 1969 tó dé ìdajì, ojú rẹ̀ jẹ́ ike aláwọ̀ wúrà; lẹ́yìn náà ni wọ́n pa á dà sí irin. Fender Twin Reverb tí ojú rẹ̀ dúdú jẹ́ ti àárín àwọn ọdún 1960. Láti nǹkan bí 1968 ni ojú rẹ̀ ti di fàdákà, tí lẹ́tà ara rẹ̀ sì di aláwọ̀ búlúù. Ka àwọn kókó náà pẹ̀lú bí àwòrán bá mọ́lẹ̀ tó. Mẹ́fà ni ti Marshall oníwáàtì 100 ti ìgbà náà. Mọ́kànlá ni ti Twin Reverb. Roland JC-120 tí àwọn ará Japan gbé jáde ní 1975 ní sípíkà méjì bí Twin Reverb, ṣùgbọ́n tiransísítọ̀ ni ó wà nínú rẹ̀, kì í ṣe fáàfù, ohùn rẹ̀ a sì máa dà bí ẹni pé gìtá méjì ni ó ń dún pọ̀. Ẹni tí ó bá ń wá gìtá tí ó mọ́ tónítóní, tí kò há rárá, irú rẹ̀ ni yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó kù kí a sọ̀rọ̀ ẹ̀tàn, nítorí ó pọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo àpótí tí ó wà lórí ìtàgé ni ó ń sọ̀rọ̀. Nínú àwọn olórin rọ́ọ̀kì, ó ti di àṣà pé kí a to àpótí mẹ́wàá, kí ó sì jẹ́ pé méjì péré ni ohùn ń gba inú wọn jáde. Òfìfo ni ìyókù, bí ẹni tí ó kó ìkòkò jọ síwájú ilé kí àwọn àlejò lè rò pé ọbẹ̀ pọ̀. Okùn ni kí á wò. Àpótí tí kò sí okùn lẹ́yìn rẹ̀ kò ní ẹnu.

Èkejì ni pé àwòrán a máa yí padà. Bí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ bá gbé fíìmù sódì, ọwọ́ ọ̀tún yóò di ọwọ́ òsì. Hendrix a máa fi ọwọ́ òsì ta gìtá tí a ṣe fún ọlọ́wọ́ ọ̀tún, tí ó dojú rẹ̀ dé. Nítorí náà, àwòrán rẹ̀ tí a gbé sódì a máa dà bí èyí tí ó tọ́. Lẹ́tà tí ó wà lára àńpù tàbí lára ìlù ni kí a fi yanjú rẹ̀. Bí a kò bá lè ka lẹ́tà náà, àwòrán náà ti yí nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ó kan àwọn olórin tiwa jù lọ. Ẹgbẹ́ òṣèré tí ó bá lọ sí òkè òkun kì í sábà gbé àpótí ńlá gun ọkọ̀ òfuurufú. Ní ìlú tí wọ́n bá dé ni wọn yóò ti háyà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Island ní London gbé àwo Juju Music jáde fún King Sunny Adé ní 1982, tí Synchro System sì tẹ̀lé e ní 1983, òun àti African Beats kárí ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Púpọ̀ nínú àwòrán dáradára tí a ní nípa rẹ̀ ni a yà nínú ìrìn-àjò wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá wo àpótí ẹ̀yìn rẹ̀ nínú àwòrán New York lè jẹ́ pé ohun tí aláháyà ní nínú ilé ìkẹ́rù ní ọ̀sẹ̀ náà ni ó ń wò. Fíìmù O.C. and Stiggs tí Robert Altman ṣe, nínú èyí tí King Sunny Adé àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣeré, tún wá burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún irú ẹ̀rí yìí, nítorí nínú fíìmù, ẹni tí ń to ilé fún àwọn òṣèré lè gbé ohun tí ó bá wù ú síbẹ̀.

Àwòrán tí a yà nílé ni ó lágbára. Jeremy Marre, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá ya fíìmù Konkombe láàárín àwọn olórin Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1970, nínú èyí tí a ti rí àwọn ìbejì nnì, Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu. Tẹlifíṣọ̀n ti ń ya àwọn olórin wa láti ìgbà tí WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ohun tí olórin ní ni ó gbé wá.

Iná mànàmáná náà jẹ́ ẹlẹ́rìí

Ọ̀nà kan wà tí kò sí nínú ìwé àwọn òyìnbó, ṣùgbọ́n tí àwa mọ̀ nílé. Iná tí a ń lò ní Nàìjíríà jẹ́ fóòtì 240. Ti Amẹ́ríkà kò ju bí 120 lọ. Àńpù tí a ṣe fún Amẹ́ríkà, tí a sì ki okùn rẹ̀ bọ iná Èkó láìwádìí, kò ní kọ orin kan parí kí èéfín tó yọ. Àwọn tí ó ní irú rẹ̀ ní láti gbé tiransifọ́mà tí ń dín agbára iná kù dání, ohun wúwo tí ó tó bíríkì méjì. Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwòrán òde àríyá àtijọ́ kan, tí ẹ sì rí àpótí irin kékeré nílẹ̀ lẹ́bàá àńpù, tí okùn kan wọ inú rẹ̀, tí òmíràn sì jáde, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àńpù Amẹ́ríkà ni ó wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí iná tiwọn àti tiwa bára mu. Kì í ṣe ẹ̀rí tí a fi ń dájọ́, àmọ́ ó wúlò.

Jẹnẹrétọ̀ náà kó ipa tirẹ̀. Ní òde àríyá tí iná ń rọ̀, tí ó ń le, fáàfù a máa rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ohùn gìtá a sì máa súnkì bí ẹni tí àárẹ̀ mú, a tún máa sọjí. Mo gbà pé díẹ̀ nínú ohun tí à ń pè ní ohùn jùjú àtijọ́ jẹ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ tí ó ń làkàkà. Kò sí ilé ìtajà tí a ti lè ra ìyẹn.

A kò sì lè ṣàì mẹ́nu ba gìtá àtẹ́lẹ̀, èyí tí a tẹ́ sórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí a ń fi irin rá lórí okùn rẹ̀, tí a sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn ọ̀pá abẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ àwọn darandaran ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ti mọ̀ ọ́n, kí King Sunny Adé tó fi í sínú jùjú láàárín àwọn ọdún 1970. Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù tí ń ta á fún un ni Paul Simon pè láti wá ta á sínú àwo Graceland tí ó jáde ní 1986. Irú gìtá yìí fẹ́ àńpù tí ó mọ́ tónítóní, tí ohùn rẹ̀ sì ń pẹ́ kí ó tó kú. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ àwo kan tí gìtá àtẹ́lẹ̀ ń sunkún gígùn nínú rẹ̀, tí kò há, ẹ ti mọ irú àpótí tí kì í ṣe tirẹ̀. Kì í ṣe Marshall tí a yí dé òpin.

Ohun tí ó kù nílé wa

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára ni owó tí àwọn ọ̀dọ́ ń ná. Ọmọ tí ń ta gìtá ní òde àríyá ní Àbújá kì í gba owó púpọ̀, kí a tó wá sọ pé yóò fi owó oṣù púpọ̀ ra àpótí nítorí orúkọ tí ó wà níwájú rẹ̀. Àwọn kan wà tí ń yọ orúkọ Marshall tàbí Fender kúrò lára òkú àńpù, tí wọ́n sì ń kàn án mọ́ àpótí tí wọ́n ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹni tí ó bá mọ kókó mẹ́fà yàtọ̀ sí mọ́kànlá, tí ó mọ̀ pé kí òun yọ páálí ẹ̀yìn kí òun sì fojú ara òun rí fáàfù, kò ní bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Bí ó bá sì mọ̀ pé gìtá jùjú fẹ́ ohùn mímọ́ tí yóò jẹ́ kí gángan rí àyè sọ̀rọ̀, kò ní ra òkìtì Hendrix fún iṣẹ́ Obey.

Olóyè Ebenezer Obey, tí ó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964, ni a bí ní 1942. King Sunny Adé ni a bí ní 1946. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá wọn ta gìtá, àwọn tí ó ru àpótí, àti àwọn tí ń fi iná jó fáàfù pọ̀ lẹ́yìn ìtàgé láàjìn, ni ó ti lọ. Àwọn tí ó kù ń gbé láàárín wa, àwọn ọmọ wọn sì ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ní Kàdúná, ní Jos, ní Kánò. Mélòó nínú wọn ni ẹnikẹ́ni ti bi léèrè ohun tí a kọ sí iwájú àpótí tí wọ́n ń rù?

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lẹ́yìn odi, àwòrán pọ̀ nínú álíbọ́ọ̀mù yín. Ìgbéyàwó bàbá àti ìyá yín ní 1974, ìsọmọlórúkọ yín ní 1979, òkú ìyá àgbà ní 1983: ẹni tí ó ya àwòrán náà ń wo àwọn tí ń ná owó mọ́ olórin níwájú orí, ṣùgbọ́n ó mú ohun tí ó wà lẹ́yìn wọn pẹ̀lú láìmọ̀. Bí ẹ bá padà sílé ní àkókò ọdún, ẹ mú dígí tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá dání. Ẹ wo aṣọ iwájú àpótí, ẹ ka àwọn kókó, ẹ wo okùn. Bí àgbà tí ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà bá ṣì wà, ẹ gbé e síwájú rẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù kọ ohun tí ó bá sọ sí ẹ̀yìn àwòrán náà: orúkọ ẹgbẹ́ òṣèré, ìlú, ọdún, orúkọ àńpù. Ẹ má ṣe fi bíròo kọ ọ́. Yóò hàn lójú ìyàwó.